Ta Ni Ó Ni Ẹsẹ̀ Asáré?

Ọ̀nà tí ó ti Sakété lọ sí Pobẹ̀ kò gùn tó maratọ́ọ̀nì kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ sá kìlómítà 42 àti mítà 195 pé pérépéré lórí rẹ̀ ní láti dé Pobẹ̀, kí ó yí padà, kí ó sì tún máa bọ̀ lápá ibi tí ó ti wá títí iye náà yóò fi pé. Kí a gbà pé ọ̀dọ́ kan láàárín wa, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́, pinnu láti sá a, kì í ṣe nítorí ife-ẹ̀yẹ, bí kò ṣe láti kó owó jọ fún ìtọ́jú ọmọ kan tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó gbé ìwé kiri, ó ń kọ orúkọ. Ìyá elépo kan ṣèlérí 50 fáráǹkì fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí ó bá sá. Ọlọ́kadà kan ṣèlérí 25. Oníṣòwò kan tí ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò ṣèlérí 500. Oṣù mẹ́rin ni ó fi ń jí ní aago márùn-ún ìdájí, kí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kó sìmẹ́ńtì bọ̀ láti Onigbolo tó gba títì mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí ọjọ́ eré ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orúnkún rẹ̀ wú. Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró? Bí ó bá sì dúró, ǹjẹ́ ó ti yẹ àdéhùn?

Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà, ilé pín sí méjì lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní ìlera lọrọ̀, kí ó jókòó sílé. Àwọn kejì ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àti pé ẹni tí ó ti gba ìlérí lọ́wọ́ ogójì ènìyàn kò gbọdọ̀ máa wo orúnkún. Òwe dojú kọ òwe. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹṣin kì í dájọ́. A rò pé ìdáhùn méjèèjì yá jù. Ti àkọ́kọ́ gbàgbé pé ènìyàn ni a bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí a sọ. Ti èkejì kò béèrè ohun tí a ṣèlérí gan-an.

Kí ni a ṣèlérí? Àwọn baba wa mọ oríṣiríṣi ìrànlọ́wọ́, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀. Àáró ni ti àwọn ẹlẹgbẹ́ tí ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ oko ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, a sì ń ka ọjọ́. Ẹni tí àìsàn bá dá dúró nínú àáró jẹ gbèsè ọjọ́ kan, yóò san án nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. A kì í fà á lọ sóko pẹ̀lú ibà lára. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn: ẹnìkan pe ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n wá bá a mọ ilé tàbí ro oko àna rẹ̀, ó fún wọn ní oúnjẹ àti ohun mímu, iṣẹ́ parí, ìṣirò parí. Eré àánú kò jọ ọ̀kan nínú méjèèjì délẹ̀délẹ̀. Ẹni tí ó san owó kò sáré. Ẹni tí ó sáré kò gba owó. Ẹni tí owó wà fún lè máà mọ èyíkéyìí nínú wọn. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n, àárín wọn sì jìn síra.

Ohun tí ń bà wá lẹ́rù ni kí eré yìí má lọ jọ ohun mìíràn tí àwọn baba wa mọ̀, èyíinì ni ìwọ̀fà. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe dúró fún èlé nìkan. Kò dín ojú owó kù, ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi sìn fún ọ̀pọ̀ ọdún tí gbèsè rẹ̀ sì wà bí ó ti wà. Nínú ètò yẹn, ara ènìyàn ni ohun ìdógò. Bí ọ̀dọ́ wa bá wá ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé, «wọ́n ti fi owó sí i, ẹsẹ̀ mi kì í ṣe tèmi mọ́», a jẹ́ pé ó ti fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yá a lówó. Àwọn olùfúnni kò sì béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá elépo kò ní kí orúnkún ẹnikẹ́ni wú. Ọmọ tí kò lera ni ó ro tirẹ̀ tí ó fi na ọwọ́ sí àpò.

Èdè Faransé fún wa ní ọ̀nà mìíràn láti fi rò ó. Ohun tí ẹni tí ń fi owó ti asáré lẹ́yìn ń ṣe, parrainage ni wọ́n ń pè é, ẹni náà fúnra rẹ̀ sì ni parrain, ọ̀rọ̀ kan náà tí a ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì fún bàbá ìsàmì. (A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti gba adùn mìíràn lẹ́nu wa láti ìgbà tí òfin ti ní kí ẹni tí yóò du ipò ààrẹ wá parrain láàárín àwọn aṣòfin àti àwọn olórí ìlú, ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí.) Bàbá ìsàmì kì í gbé ọmọ lọ síbi omi kí ọmọ lè rì. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí, olùfúnni pàápàá jẹ asáré ní nǹkan kan: ó yẹ kí ó béèrè bí ara rẹ̀ ti ń ṣe kí ó tó béèrè kìlómítà tí ó sá.

Èdè tiwa náà kò ṣaláì ya nǹkan sọ́tọ̀. Ẹ̀jẹ́ ni a ń jẹ́ fún Ọlọ́run tàbí fún òrìṣà, a sì ń san án. Ẹni tí ó jẹ́ ẹ kò rí ẹni bá dúnàádúrà. Àdéhùn wà láàárín ènìyàn sí ènìyàn. Ohùn méjì ni ó pàdé níbẹ̀, ohùn méjèèjì sì lè tún padà jókòó nígbà tí ọ̀ràn bá yí. Ohun tí ọ̀pọ̀ asáré ń ṣe ni pé wọ́n sọ àdéhùn di ẹ̀jẹ́. Ó rọrùn fún wọn láti tiro fún wákàtí mẹ́fà ju kí wọ́n pe ogójì ènìyàn lórí fóònù kí wọ́n sì sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ti kọ̀. Ìtìjú ni a ń pè ní ìfaradà nígbà mìíràn.

A kò fẹ́ fi èyí ba ìrora lórúkọ jẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ara rẹ̀ ní maratọ́ọ̀nì tí kò mọ ọjọ́ tí gbogbo iṣan ń ké, tí àtẹ̀gùn ilé di òkè ńlá. Ìyẹn ni àárẹ̀, oúnjẹ àti oorun sì ni oògùn rẹ̀. Ìpalára yàtọ̀. Àárẹ̀ a máa tú ká sí gbogbo ara. Ìpalára a máa tọ́ka sí ojú kan. Àárẹ̀ a máa rọ̀ bí ara bá ti gbóná. Ìpalára a máa le sí i bí a ti ń sá lọ, a sì tún máa jí ènìyàn lóru. Èyí tí ó burú jù ni pé ó ń yí ìrìn padà: ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí gbé ara lé ẹsẹ̀ kejì láìmọ̀, ẹsẹ̀ kejì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí san gbèsè tí kò jẹ. Ìdí tí èyí fi ń mú àwọn ọ̀dọ́ ni pé gbogbo ara kì í le ní ìwọ̀n kan náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ti mọ eré. Iṣan náà ti ń le. Ṣùgbọ́n egungun àti okùn iṣan tí ó so mọ́ ọn lọ́ra púpọ̀. Asáré yóò wá máa ní èémí tó láti sá ohun tí egungun rẹ̀ kò tíì lè gbà. Bí kò bá sinmi, egungun yóò sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìkòkò tí a ń gbé kaná lójoojúmọ́. Ní agbègbè wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ tọ ẹni tí ń to egungun lọ, a kò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n irú egungun bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ́ tí a ó fi tò ó. Nígbà mìíràn, àwòrán X-ray pàápàá kì í fi í hàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó ń fẹ́. Ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́ lè fi oṣù púpọ̀ san án.

Nínú ìrònú Yorùbá, ẹsẹ̀ kì í ṣe ohun ìrìn nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá pé bí orí ti dúró fún ìpín tí ènìyàn yàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ dúró fún ìgbìyànjú tí ń mú ìpín náà ṣẹ. Orí rere tí kò ní ẹsẹ̀ kò lè dé ibi kankan. Ẹlòmíràn lè fi èyí gbe asáré tí ń tiro lẹ́yìn. Àwa kà á lọ́nà mìíràn. Bí ẹsẹ̀ bá jẹ́ ìgbìyànjú gbogbo ọjọ́ ayé, ẹni tí ó bá ná an tán ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ti ná ohun tí ó yẹ kí ó fi gbé ìpín rẹ̀ fún ogójì ọdún. Orí tí ó rán ẹsẹ̀ níṣẹ́ yẹ kí ó lè gbọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ bá fèsì.

Ìtàn tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ maratọ́ọ̀nì kò ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Wọ́n ní ìránṣẹ́ Gíríìkì kan sáré láti pápá ogun dé ìlú Áténì, ó jẹ́ iṣẹ́ ìṣẹ́gun tí wọ́n rán an, ó ṣubú, ó sì kú. Bí ìtàn náà bá rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ó kéré tán, ìránṣẹ́ náà gbé ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu tí ìlú ń dúró dè. Ti asáré àánú kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ó tó kọjá Takon, owó ìyá elépo ti gba orí fóònù dé ibi tí ó ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo eré kan ṣoṣo tí ó fi ìdáhùn méjèèjì hàn ní ọjọ́ kan náà. Ní 20 Oṣù Kẹwàá 1968, wọ́n sá maratọ́ọ̀nì Òlíńpíìkì ní olú-ìlú Mẹ́síkò, níbi tí ilẹ̀ ga ju mítà 2,200 lọ, tí mímí sì ṣòro fún ẹni tí kò bá mọ́ lára. Abebe Bikila, ọmọ Etiópíà, tí ó ti borí ní Róòmù ní 1960 láìwọ bàtà, tí ó sì tún borí ní Tókíò ní 1964, bẹ̀rẹ̀ eré náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó sá tó kìlómítà 17, ó dúró. John Stephen Akhwari, ọmọ Tanzania, kọlu àwọn asáré mìíràn, ó ṣubú. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, èjìká rẹ̀ gbá ilẹ̀. Wọ́n di ẹsẹ̀ náà fún un, ó sì tún dìde. Ó wọ pápá ìṣeré nígbà tí ó ti ju wákàtí kan lọ tí ẹni tí ó borí ti dé, òun ni ó kẹ́yìn nínú àwọn 57 tí ó parí eré náà. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí, ó ní orílẹ̀-èdè òun kò rán òun wá láti bẹ̀rẹ̀ eré bí kò ṣe láti parí rẹ̀.

Ìtàn Akhwari ni a ń sọ fún àwọn ọmọdé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ti Bikila ní ọjọ́ yẹn kì í sábà wọ inú ìwé kíkà. Síbẹ̀, ta ni ó gba wúrà? Mamo Wolde ni, ọmọ Etiópíà bíi tirẹ̀. Iṣẹ́ tí Etiópíà rán wọn di ṣíṣe, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni ó ṣe é. Ní ti Akhwari, òmìnira ni a ń yìn nínú ohun tí ó ṣe: òun fúnra rẹ̀ ni ó dìde, kò sí ẹni tí ń ka kìlómítà mọ́ ọn lórí pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ìyìn tí a fún un kò gbọdọ̀ di gbèsè lọ́rùn ẹlòmíràn.

Ọ̀ràn tí ó le jù lọ nínú gbogbo èyí ni ti Terry Fox ní Kánádà, a sì ní láti dúró lórí rẹ̀, nítorí òun ni àwọn ènìyàn fi ń ṣe àpẹẹrẹ jù. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún ní 1977 nítorí jẹjẹrẹ egungun. Ní 12 Oṣù Kẹrin 1980, ó ki ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀ bọ omi òkun Àtìláńtíìkì ní St. John's, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sáré gba ilẹ̀ Kánádà já, ìwọ̀n maratọ́ọ̀nì kan lójúmọ́, kí àwọn ènìyàn lè dá owó fún ìwádìí àrùn náà. Ó wá di pé dọ́là kan lọ́wọ́ ọmọ Kánádà kọ̀ọ̀kan ni ó ń béèrè. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ kí ó polówó ọjà òun, ó kọ̀ fún un. Ní 1 Oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn ọjọ́ 143 àti kìlómítà 5,373, ikọ́ àti ìrora àyà dá a dúró nítòsí Thunder Bay. Jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Ó kú ní 28 Oṣù Kẹfà 1981, ọmọ ọdún 22.

Ohun méjì wà nínú ìtàn yìí tí kì í bára wọn gbé pọ̀ ní ìrọ̀rùn. Èkíní ni pé Terry Fox kò fẹ́ kí dókítà máa yẹ òun wò lójú ọ̀nà. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ojú ibi tí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ti ń ha á, ó ń sá lọ. Wọ́n ní ó ń fi ara rẹ̀ wéwu, kò gbà. A bu ọlá fún un, a kò sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí èyí. Kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá àyẹ̀wò ìbá ti dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń ka ìtàn rẹ̀ yóò mú ìkọ̀sílẹ̀ náà, wọn yóò sì fi ọkàn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ìkọ̀sílẹ̀ rọrùn láti fara wé.

Èkejì ni èyí tí a kì í sábà ronú sí. Terry Fox kò dé ibi tí ó ní òun ń lọ. Ó ní òun yóò gba Kánádà já láti òkun dé òkun, kò sì gbà á já. Bí a bá fi ojú ẹ̀jẹ́ wò ó, kò san án. Kí ni àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e ṣe? Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ó dúró, ètò kan lórí tẹlifíṣọ̀n kó ju mílíọ̀nù 10 dọ́là jọ. Nígbà tí yóò fi di Oṣù Kejì 1981, owó náà ti kọjá mílíọ̀nù 24, èyí tí ó jẹ́ dọ́là kan fún ọmọ Kánádà kọ̀ọ̀kan ní àkókò náà. Láti ọdún yẹn ni àwọn ènìyàn ti ń sáré ní orúkọ rẹ̀ lọ́dọọdún nínú Oṣù Kẹsàn-án, ní Kánádà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, owó ìwádìí tí ó sì ti inú rẹ̀ jáde ti ju mílíọ̀nù 800 dọ́là Kánádà lọ. Ẹsẹ̀ dúró, iṣẹ́ kò dúró. Àwọn olùfúnni fi ìwà wọn sọ fún wa pé kì í ṣe òkun kejì ni wọ́n fi owó rà.

Ẹnìkan tilẹ̀ gba ilẹ̀ tiwa kọjá láìpẹ́ yìí. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Russ Cook sáré láti ìpẹ̀kun ilẹ̀ Áfíríkà ní Gúúsù Áfíríkà dé ìpẹ̀kun rẹ̀ ní Tùnísíà, láti Oṣù Kẹrin 2023 títí di 7 Oṣù Kẹrin 2024. Ó ju kìlómítà 16,000 lọ, orílẹ̀-èdè 16 ni ó gbà, Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára wọn. Owó tí ó kó jọ fún àánú ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ. Ọjọ́ 240 ni ó kọ́kọ́ pè é; ọjọ́ 352 ni ó fi sá a. Ní Nàìjíríà, ẹ̀yìn dùn ún débi pé ó dá eré dúró, ó lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sọ fún un pé egungun kò bàjẹ́, kí ó tó tún bọ́ sójú ọ̀nà. Ìgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìfaradà, ọjọ́ tí ó lọ jókòó níwájú dókítà yẹn yẹ kí ó wọ inú ìṣirò.

Kí ni a wá gbọ́dọ̀ mú ṣẹ láìyẹ̀ nínú àdéhùn asáré àánú? Owó ni, àti òtítọ́ tí ó yí i ká. Ní 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, Tom Moore, ológun àtijọ́ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 99, fi férémù ìtìlẹ́yìn rìn lọ rìn bọ̀ nígbà 100 nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní Ìlú Ọba, ó sì kó ju mílíọ̀nù 32 pọ́n-ùn jọ fún àwọn àjọ àánú ilé ìwòsàn ìjọba. Kò sáré rárá. Owó yẹn dé ọwọ́ àwọn tí ó wà fún. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ àánú mìíràn tí wọ́n wá dá sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn náà bọ́ sínú ìwádìí, àjọ ìjọba tí ń ṣọ́ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì sọ ní 2024 pé wọ́n rí ìwà àìtọ́ nínú bí wọ́n ti ṣe é. Àwọn ènìyàn tí wọn ì bá dárí ji arúgbó náà bí ó bá rin ọgbọ̀n dípò ọgọ́rùn-ún kò lè fojú fo ìyẹn. A rí ibi tí àdéhùn wà.

Nítorí náà ni àwa kò ṣe fẹ́ ìlérí oní-kìlómítà. A mọ ohun tí ó dára nínú rẹ̀: ó ń dùn mọ́ àwọn ènìyàn, ọmọdé ń bá asáré ka iye, ọlọ́kadà tí kò lè fi 1,000 fáráǹkì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè fọkàn sí 25. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń ṣe ní kìlómítà 30, nígbà tí orúnkún ti ń ké. Àwọn mẹ́ta tí a dárúkọ lókè nìkan, 575 fáráǹkì ni àpapọ̀ ìlérí wọn fún kìlómítà kan. Kìlómítà 12 tí ó kù jẹ́ 6,900. Asáré yóò máa ṣe ìṣirò yẹn pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni pé ó ń ta egungun rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ lójú ọjà. Kí olùfúnni sọ iye tí ó fẹ́ fi sílẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀, kí a sì sáré. Bí oníṣòwò kan bá sì ní òun kò gbà, pé kìlómítà 30 ni ẹni náà sá, 30 ni òun yóò san, a kò lè pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ohun tí ó sọ ni ó ṣe. A kàn lè bi í bóyá ọmọ tí ó wà ní ilé ìwòsàn dín ní ìdá kan.

Ẹnìkan lè wí pé bí dídúró kò bá ti jẹ́ ìtìjú mọ́, ọ̀lẹ yóò gba owó tán, yóò sì di orúnkún mú. Àtakò yìí lágbára, a kò sì fẹ́ rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n owó náà kì í ṣe ti asáré. Ọ̀lẹ tí ó bá purọ́ orúnkún kò ní jẹ nínú rẹ̀. Kí ìwé àkọsílẹ̀ ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ wà ní gbangba láti oṣù àkọ́kọ́, kí àwọn tí ó fi owó sílẹ̀ mọ ọjọ́ tí ó sá àti ọjọ́ tí kò sá, kí ó sọ ní ọjọ́ tí orúnkún wú pé ó ti wú, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ eré. Kí ó kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé tí ó ń gbé kiri pé bí ara bá kọ̀, òun yóò dúró, owó yóò sì lọ síbi tí a ní ó ń lọ. Ẹni tí ó bá ka ìyẹn tí ó sì fọwọ́ sí i kò ní ohun tí yóò fi sùn ún.

Ó ku ẹni kẹta, ẹni tí a kì í bi ní nǹkan kan. Ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ ń lọ síbi ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀kan. Ó mọ ìrora ju gbogbo wa lọ. Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá ṣẹ́ nítorí rẹ̀, a ó gbé owó náà fún un, a ó sì gbé ẹsẹ̀ náà lé e lórí pẹ̀lú, yóò máa dúpẹ́, yóò sì máa tọrọ gáfárà fún ohun tí kò bẹ ẹnikẹ́ni láti ṣe. Bí ó bá ti dàgbà tó láti kàwé, kí asáré kọ́kọ́ mú ìwé náà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó ka ojú ewé àkọ́kọ́, kí ó sọ bóyá òun gbà, kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá elépo àti oníṣòwò.